Àtinúdá Aláàbò-Àyíká àti Ìṣọ́lò Àyíká ní Ìlú: Àpẹẹrẹ Snellville àti Káúńtì Gwinnett ní Georgia, Amẹ́ríkà

Iṣẹ́: Ìmọ̀ Àyíká
Kíláàsì: Ọdún kẹwàá sí ọdún kejìlá
Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá: Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí òpópónà US 78 àti ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì lè ṣe ìṣirò ìdá.
Èròǹgbà: Ní òpin ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè (a) sọ ìtumọ̀ àtinúdá aláàbò-àyíká àti ìṣọ́lò àyíká, (b) ṣe ìṣirò ìṣọ́lò, (d) ṣàlàyé ìdí tí àtinúdá fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi kan tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn nínú agbègbè kan náà.

ÌTUMỌ̀

1. Àtinúdá aláàbò-àyíká ni ohun èlò, ọ̀nà ìṣiṣẹ́, ètò tàbí òfin tuntun tí ó ń dín ìpalára tí iṣẹ́ ènìyàn ń ṣe fún ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ kù. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ẹ̀rọ. Bí ìjọba bá yí ọ̀nà tí ó fi ń gba owó àgbàrá òjò lọ́wọ́ onílé padà, tí onílé sì tìtorí rẹ̀ dín kọnkéré àgbàlá rẹ̀ kù, àtinúdá aláàbò-àyíká ni èyí náà. Láti ibí yìí lọ, «àtinúdá» nìkan ni a óò máa kọ.

2. Ìṣọ́lò àyíká ni bí àǹfààní tí ìlú ń rí ṣe tó, bí a bá fi wé ẹrù tí ó gbé ru àyíká. Àǹfààní ni iṣẹ́, ọjà, ibùgbé, omi mímu àti ìrìnàjò. Ẹrù ni omi, ilẹ̀ àti epo tí ìlú lò, pẹ̀lú èéfín, pàǹtí àti omi ẹlẹ́gbin tí ó dà sóde.

3. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi èrò ìṣọ́lò wọ̀n. Ní 1992, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí Stephan Schmidheiny, ọmọ Switzerland, ṣe olórí rẹ̀ gbé e jáde nígbà ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí àyíká ní Rio de Janeiro. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn odidi ìlú. Àwọn ìlú China ni wọ́n ti fi wọ̀n jù.

4. Ìṣọ́lò yàtọ̀ sí àìlò. Abúlé tí kò ní omi ẹ̀rọ tàbí iná mànàmáná kò gbé ẹrù púpọ̀ ru àyíká, ṣùgbọ́n àǹfààní tí àwọn ará ibẹ̀ ń rí náà kò tó nǹkan. A kò lè torí èyí sọ pé abúlé náà mọ àyíká ṣọ́ lò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣi èyí mú.

BÍ A ṢE Ń WỌ̀N ÌṢỌ́LÒ

5. Ìṣọ́lò àyíká = àǹfààní ÷ ẹrù.

6. Àpẹẹrẹ ìṣirò: Ìlú kan rí àǹfààní 100, ó sì gbé ẹrù 50 ru àyíká. Ìṣọ́lò rẹ̀ jẹ́ 2. Àtinúdá dé, ìlú náà gbèrú, àǹfààní rẹ̀ di 180, ẹrù di 60. Ìṣọ́lò di 3. Ìṣọ́lò ti fi ìdajì lékún, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí àyíká ń rù ti fi 10 lékún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé «àyíká ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà» ní abẹ́ ìṣirò yìí kò gba ìbéèrè náà. Ìdá ni 3. Àpapọ̀ ẹrù ni 60. Odò àti afẹ́fẹ́ kò mọ ìdá, àpapọ̀ ni wọ́n ń rù.

7. Nígbà tí ìlú bá pọ̀, tí àǹfààní àti ẹrù sì jẹ́ oríṣiríṣi, àwọn onímọ̀ a máa lo ìṣirò tí Abraham Charnes, William Cooper àti Edwardo Rhodes gbé jáde ní 1978. Ìlú tí ó ṣe dáadáa jù nínú wọn ni a ó fún ní 1. A ó wá fi àwọn yòókù wé e. Máàkì yìí jẹ́ ti ìfiwéra: bí gbogbo ìlú tí a kó jọ bá jẹ́ ajẹkórun, èyí tí ó sàn jù nínú ajẹkórun ni yóò gba 1.

Ẹ̀YÀ ÀTINÚDÁ

8. Ẹ̀yà mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ yìí mọ̀.

(a) Ti ohun èlò: pánẹ́ẹ̀lì sólà, ọkọ̀ oníbátìrì, gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀. Ilé iṣẹ́ Qcells ti ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì sólà ní Dalton, ní ìhà àríwá Georgia, láti 2019.

(b) Ti ọ̀nà ìṣiṣẹ́: ohun tí à ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni, ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é ni ó yí padà. Fífọ omi ẹlẹ́gbin mọ́ wà lábẹ́ èyí.

(d) Ti ètò ìlú: ibi tí a kọ́ ilé sí, ibi tí a gba ọ̀nà gbà. Ní Snellville, The Grove at Towne Center jẹ́ àpẹẹrẹ: ilé gbígbé, ìsọ̀, ilé oúnjẹ, ilé ìkàwé àti pápá kékeré ni wọ́n kó sójú kan, kí ẹni tí ń gbé ibẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ó ń lọ.

(e) Ti owó àti òfin: Gwinnett ń gba owó àgbàrá òjò lọ́wọ́ onílé gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó fi òrùlé, ọ̀dà tàbí kọnkéré bò, nítorí pé omi òjò kì í lè rì sínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

BÍ ÀTINÚDÁ ṢE Ń NÍPA LÓRÍ ÌṢỌ́LÒ: OMI

9. Ẹ̀kọ́ yìí pẹ́ lórí omi ju ohun yòókù lọ, nítorí pé nídìí omi ni ipa àtinúdá ti hàn kedere jù ní agbègbè wa.

10. Omi ẹ̀rọ tí à ń mu ní Snellville ń wá láti adágún Lanier, tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀dá ní àwọn ọdún 1950 nígbà tí ó fi ìdídò Buford dí odò Chattahoochee. Láti 1990 ni Georgia, Alabama àti Florida ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí omi odò yìí. Ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Washington dá Georgia láre nínú ẹjọ́ tí Florida pè é.

11. Ilẹ̀ Gwinnett ní góńgó kan tí ó pín omi òjò sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ó bá rọ̀ sí apá kan yóò ṣàn lọ sí odò Chattahoochee, títí dé Gulf of Mexico. Púpọ̀ nínú èyí tí ó bá rọ̀ sí apá kejì yóò ṣàn gba àwọn odò bíi Yellow River lọ sí odò Ocmulgee, títí dé òkun Àtìláńtíìkì. Apá kejì yìí ni Snellville wà. Omi tí a fà láti Lanier, tí a lò ní Snellville, tí a sì dà sí apá ibí, kò lè fúnra rẹ̀ padà sí Lanier mọ́. Ó ti gba ọ̀nà òkun mìíràn lọ.

12. Ìṣòro omi tí kì í padà yìí wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ F. Wayne Hill Water Resources Center ní Buford ń yanjú fún káúńtì. Ó lè fọ 60 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi ẹlẹ́gbin lójúmọ́. Kòkòrò àìfojúrí ni ó kọ́kọ́ ń jẹ ìdọ̀tí inú omi náà. Lẹ́yìn náà a ó sẹ́ ẹ, a ó fi afẹ́fẹ́ ósóònù pa kòkòrò tó ṣẹ́kù, a ó sì gbà á kọjá nínú èédú tí ó ń fa òórùn àti àwọ̀. Láti 2010 ni wọ́n ti ń fi páìpù gbé nínú omi tí wọ́n fọ̀ náà padà sínú adágún Lanier. Bí a ti ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni à ń dá nínú rẹ̀ padà.

13. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni èròjà tí ó ń da ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàmú jù. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ni ó wà. Bí ó bá wọ adágún, ewé omi kéékèèké yóò hù bo ojú rẹ̀, yóò sì gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá dúró sínú ilé iṣẹ́ náà, ó máa ń para pọ̀ mọ́ mágńísíà àti amóníà, á wá di ohun líle bí òkúta tí ó ń dí páìpù. Láti 2015 ni Gwinnett ti ń ṣe ohun mìíràn sí i: wọ́n ń fi mágńísíà kún un nínú àgbá kan, wọ́n á jẹ́ kí ó dì síbẹ̀, yóò di hóró róbótó-róbótó, wọ́n á sì tà á fún àgbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Òkúta tí ì bá dí páìpù ni ó wá di ajílẹ̀ yìí.

14. Ọ̀rá ìdáná tí ilé oúnjẹ máa ń kó dànù náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀. Ọkọ̀ agbépo ń gbé e wá, wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ omi ẹlẹ́gbin sínú àgbá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, kòkòrò àìfojúrí á jẹ ẹ́, á sì mú gáàsì jáde. Ẹ̀rọ tí ó ń lo gáàsì yìí, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 2.1, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011, iná rẹ̀ sì wà lára èyí tí ilé iṣẹ́ náà fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rá tí wọn kò bá gbé wá síbẹ̀, tí ẹnìkan dà sínú kòtò, ni ó ń dì mọ́ páìpù títí omi ẹlẹ́gbin fi ń tú sójú títì.

15. Ẹ padà sí ìdá tó wà ní nọ́ńbà 5. Omi ẹlẹ́gbin kan náà ti di omi adágún, ajílẹ̀ àti iná. Òkè ìdá ń pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dín kù, lẹ́ẹ̀kan náà. Irú àtinúdá báyìí ni à ń pè ní àtinúdá aláyìípo: èyí tí ó ń sọ ohun tí a dà nù di ohun tí a tún lò. Kí ẹ sì kíyè sí i pé kò sí onílé kankan tí ó ní láti yí ìṣe rẹ̀ padà kí ó tó lè ṣẹlẹ̀.

16. Fún àgbàrá òjò, ẹ wo Historic Fourth Ward Park ní Atlanta, tí wọ́n ṣí ní 2011. Adúgbò náà máa ń kún fún omi. Dípò kí wọ́n gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ olówó gọbọi, wọ́n gbẹ́ adágún, wọ́n sì gbin igi àti koríko yí i ká, ó sì di ibi ìgbafẹ́.

BÍ ÀTINÚDÁ ṢE Ń NÍPA LÓRÍ ÌṢỌ́LÒ: INÁ

17. Láti ìta ni púpọ̀ nínú iná tí Snellville ń lò ti ń wá. Georgia Power wà lára àwọn tí ń pín in, Walton EMC, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí oríkò rẹ̀ wà ní Monroe, náà sì wà lára wọn.

18. Ní Vogtle, ibùdó amúnáwá kan nítòsí Waynesboro tí ó ń fi iná ránṣẹ́ sí Georgia, ẹ̀rọ núkílíà kẹta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2023, ìkẹrin ní April 2024. Wọn kì í tú èéfín èédú sójú ọ̀run. Iye tí wọ́n fi kọ́ méjèèjì kọjá 30 bílíọ̀nù dọ́là, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún kọjá àkókò tí wọ́n dá. Àwọn tí ń lo iná ni wọ́n ń san púpọ̀ nínú owó náà.

BÍ ÀTINÚDÁ ṢE Ń NÍPA LÓRÍ ÌṢỌ́LÒ: ÌRÌNÀJÒ

19. Níbi ìrìnàjò ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n tẹ́ Snellville lọ gbọọrọ lẹ́bàá US 78 àti Scenic Highway, èyí tí í ṣe òpópónà 124. Ilé gbígbé wà nínú ọgbà tiwọn, ìsọ̀ wà lójú òpópónà, ààyè ìgbọ́kọ̀sí fífẹ̀ sì wà níwájú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń lọ ra búrẹ́dì yóò gbé mọ́tò jáde. Bí ìyá àgbà bá ti Nàìjíríà dé láti kí ọmọ rẹ̀, tí kò sì mọ ọkọ̀ wà, ìgbà tí ẹlòmíràn bá gbé e ni ó tó lè dé ọjà tàbí ilé ìjọsìn.

20. Wọ́n tún oríta tí US 78 ti pàdé 124 ṣe: ọkọ̀ tí ó fẹ́ yà sí òsì yóò ti kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣáájú kí ó tó dé oríta gan-an, kí ọkọ̀ tí ń lọ tààrà àti èyí tí ń yà lè jọ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Àtinúdá ti ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ni. Ó ń dín àkókò tí ọkọ̀ fi ń dúró, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń jó epo, kù. Kò dín iye ọkọ̀ kù.

21. Ní 2018, Snellville ni Gwinnett yàn láti fi dán ọkọ̀ àpèwá wò. Ọkọ̀ àpèwá ni bọ́ọ̀sì kékeré tí ènìyàn ń fi fóònù pè, tí ó ń gba ibi tí àwọn èrò wà kọjá, tí kò ní ipa ọ̀nà kan pàtó. Wọn kò gba owó nígbà ìdánwò náà, tí ó parí ní 2019. Ní 2023 ni ètò náà tún padà wá sí agbègbè Snellville àti Lilburn, lábẹ́ orúkọ tuntun, Ride Gwinnett.

22. Àtinúdá yìí dára, ó kàn kéré fún iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ ni. Owó tí yóò sọ ọ́ di ńlá ni wọ́n ń gbé ka iwájú olùdìbò. Àwọn olùdìbò Gwinnett kọ ètò ọkọ̀ èrò ní 1971 àti 1990, wọ́n kọ̀ ọ́ ní March 2019, wọ́n kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìyàtọ̀ ìbò díẹ̀ ní November 2020, wọ́n sì tún kọ̀ ọ́ ní November 2024.

23. Ìfiwéra omi àti ìrìnàjò: páìpù omi ẹlẹ́gbin ni ọ̀pọ̀ ilé so mọ́, nítorí náà àtúnṣe kan lópin páìpù tó fún gbogbo wọn. Ìrìnàjò kò ní òpin páìpù. Ìpinnu ẹnìkọ̀ọ̀kan ni, ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni ó sì ti bá a pinnu.

ÌFIWÉRA PẸ̀LÚ ÈKÓ

24. Àpẹẹrẹ ìṣirò: Ká sọ pé danfo ògbólógbòó kan ní Èkó ń jó lítà epo 15 fún 100 kìlómítà, ó sì gbé èrò 14. Èrò kọ̀ọ̀kan jó lítà kan àti díẹ̀. Ká sọ pé ọkọ̀ ìgbàlódé tí ó ń lo epo àti bátìrì pọ̀ ń jó lítà 5 fún 100 kìlómítà ní Snellville, awakọ̀ nìkan sì ni ó wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ náà jó lítà 5. Ní ti epo, ọkọ̀ ògbólógbòó ṣọ́ àyíká lò ju ti ìgbàlódé lọ.

25. Ní ti èéfín tí ènìyàn ń fà símú, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èéfín dúdú danfo ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ jẹ́. Ohun tí a bá yàn láti wọ̀n ni yóò sọ ẹni tí yóò borí, nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ kọ irú ẹrù tí ó ń wọ̀n sílẹ̀.

26. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tí ó ń lo iná mànàmáná, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Èkó ní September 2023. Ó so àǹfààní méjèèjì pọ̀: èrò púpọ̀ nínú ọkọ̀ kan, láìsí èéfín lójú ọ̀nà.

ÀWỌN ÌṢÒRO

27. Àlékún ìlò: Bí ohun kan bá di èyí tí kò gba epo púpọ̀ mọ́, owó rẹ̀ á wálẹ̀, àwọn ènìyàn á sì lò ó sí i. William Stanley Jevons, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa èyí ní 1865 lórí èédú: ẹ̀rọ tí ó ń ṣọ́ èédú lò ni ó sọ èédú di ohun tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń wá.

28. Ìkúrò ìrànwọ́: Tẹ́lẹ̀, Georgia máa ń fún ẹni tí ó ra ọkọ̀ oníbátìrì ní ẹ̀dínwó owó orí tó tó 5,000 dọ́là. Ní July 2015, ìjọba fòpin sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ àwọn tí ó ní irú ọkọ̀ náà. Títà ọkọ̀ oníbátìrì já wálẹ̀ lọ́gán.

29. Ààlà ìwọ̀n: Snellville kò ní ilé iṣẹ́ amúnáwá tí ń sun èédú. Bí a bá wọn Snellville nìkan, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò dà bí èyí tí kò ní ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n Plant Scherer ní Juliette, ọ̀kan lára àwọn tí ó tóbi jù ní Amẹ́ríkà nínú àwọn tí ń sun èédú, ń fi iná ránṣẹ́ sí Georgia. Àwọn tí ń gbé Juliette ni wọ́n ń bá pàǹtí eérú rẹ̀ gbé. Ìlú lè fi ẹrù rẹ̀ ru ìlú mìíràn, kí máàkì tirẹ̀ sì máa lọ sókè. Nínú gbogbo ìṣòro tó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí, èyí ni ó ń ba ìṣirò jẹ́ jù.

30. Iye owó: ilé iṣẹ́ bíi ti Buford gba owó tí káúńtì ńlá lè san. Ìlú kékeré kan kò lè dá a kọ́.

ÌBÉÈRÈ ÌDÁNWÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣọ́lò àyíká àti àìlò? (máàkì 4)
2. Ìlú kan ní àǹfààní 240 àti ẹrù 80. Lẹ́yìn àtinúdá, àǹfààní di 400, ẹrù di 100. Ṣe ìṣirò ìṣọ́lò nígbà méjèèjì, kí o sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpapọ̀ ẹrù. (máàkì 6)
3. Ṣàlàyé ìdí tí omi tí a lò ní Snellville kò fi lè fúnra rẹ̀ padà sí adágún Lanier. (máàkì 5)
4. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ F. Wayne Hill ń rí mú jáde láti inú omi ẹlẹ́gbin àti ọ̀rá ìdáná. (máàkì 3)
5. «Oríta tuntun US 78 àti 124 dín epo tí ọkọ̀ ń jó kù; kò dín iye ọkọ̀ kù.» Lo èrò Jevons láti sọ ohun tí ó lè tẹ̀yìn èyí yọ. (máàkì 6)
6. Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nílé bí ó ṣe ń dé ọjà nígbà tí ó wà ní Nàìjíríà àti bí ó ṣe ń dé ibẹ̀ ní Snellville. Kọ irú ẹrù tí ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan ń gbé ru àyíká sílẹ̀. (máàkì 6, iṣẹ́ àṣetiléwá)